Gáàsì Kì í Ṣe Bẹntiróòlù: Ọ̀nà Ifangni àti Ooru Inú Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́

Ọ̀nà tó jáde láti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó gba Avrankou kọjá, tó wọ ilẹ̀ Ifangni títí dé ẹnubodè Ìgòlò, kò gùn. Ẹni tó bá tètè kúrò ní Kùtọnu láàárọ̀ lè dé ẹnubodè kí oòrùn tó kan àtàrí, bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Síbẹ̀, ọ̀nà náà tó láti fi yẹ ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ wò fínnífínní, nítorí gbogbo ohun tó ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò ló wà níbẹ̀: oòrùn tó mú ganrínganrín, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, eruku pupa, ìdúró gbọọrọ níbi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí, àti òjò tó ń rọ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù keje. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n ti ń ta kpayo, bẹntiróòlù tó ń ti Nàìjíríà wọlé, nínú ìgò àti nínú àgbá. Awakọ̀ á ra ìwọ̀nba tó lè gbé e dé ibi tó ń lọ, bó bá tán, á tún rà. Lójú tèmi, àṣà epo rírà yìí ti ràn mọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ọkọ̀ kò bá tutù mọ́, ohun tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu olówó ọkọ̀ ni pé gáàsì ti tán, kí wọ́n bá òun fi kún un. Àmọ́ gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù kì í tán bí epo ṣe ń tán. Bó bá dín, ó jò ni. Bí kò bá sì dín, ẹni tó ń fi kún un ń dá kún ìṣòro ni. Ẹni tó bá gba òtítọ́ kan yìí yóò yí gbogbo ọ̀nà tó ń gbà tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ padà, pàápàá bó bá jẹ́ ọkọ̀ asáré àtijọ́, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò pọ̀ lọ́jà mọ́.

Kùtọnu ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ayé wọn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó ti pẹ́ tí èbúté ibẹ̀ ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún àwọn ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù, èyí tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní "venue de France", tí àwọn ará Nàìjíríà sì ń pè ní tòkunbọ̀. Pápá tí wọ́n ti ń tà wọ́n nà lọ sí ìhà Sèmè. Òfin ti gbo ọjà náà jìgìjìgì: láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ó ti ẹnubodè pa, oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n sì tó ṣí Ìdí-Ìrókò tó kọjú sí Ìgòlò padà. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tó ti wọlé ṣáájú ò pòórá. Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń mójú tó àyíká sọ nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà tà sí ilẹ̀ òkèèrè láàárín ọdún 2015 sí 2018, àti pé bíi mẹ́rin nínú márùn-ún wọn ló lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa ni pé ilẹ̀ òtútù ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wọn fún. Ní Yúróòpù láàárín ọdún 1960 sí 1980, hítà ni ẹni tó ń ra ọkọ̀ máa ń bá nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù, àfikún tó ń gba owó gọbọi ni. Peugeot 504 tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni láti Dakar dé Kàdúná ní ìbátan onílẹ̀kùn méjì kan, èyí tí ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì yà, tí wọ́n sì ṣe láti ọdún 1969 di 1983. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àti Mercedes àti Porsche ẹgbẹ́ rẹ̀, ni mo ní lọ́kàn. Hítà ló wà láàárín gbùngbùn wọn, ẹ̀rọ amúlétutù sì wà létí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìdí tí irú ọkọ̀ yìí fi gbóná ní Ifangni gbọ́dọ̀ wo ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí òtútù ṣe ń wáyé. Gáàsì ń yí po nínú ọ̀pá tí wọ́n dí pa. Kọ̀ǹpirẹ́sọ̀, tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ń yí, á fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná. Á wọ kọ́ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rádíétọ̀, afẹ́fẹ́ á gba ooru lára rẹ̀, á sì di olómi. Á gba inú agolo irin kékeré tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú rẹ̀. Á gba ihò tóóró kan kọjá, níbi tí agbára ìfúnpọ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀ lójijì. Á wá hó nínú ẹfapórétọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, bó sì ti ń hó ló ń fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn èyí, á padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpirẹ́sọ̀. Gáàsì tí wọ́n mọ̀ sí R134a ń hó ní ìwọ̀n 26 ó lé díẹ̀ nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdí nìyẹn tó fi lè tutù tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ibì kankan nínú ìyípo yìí tí wọ́n ti ń sun gáàsì, kò sì sí ibi tó ti ń bá èéfín jáde. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí nínú ara ló ṣe ń yí: bí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn bá dín, ibi tó ti ń dà ni oníṣègùn kọ́kọ́ ń wá. Epo pàtàkì kan tún ń bá gáàsì náà rìn, òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ máa yí láìjẹra. Ibi tí gáàsì bá gbà jáde ni epo náà ń gbà jáde. Bí olówó ọkọ̀ bá ń fi gáàsì kún un léraléra tí kò fi epo kún un, tí kò sì dí ihò, ọ̀nà ikú ló ń la fún kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ rẹ̀, ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ: irin tó bá fọ́ nínú rẹ̀ yóò ṣàn lọ dí gbogbo ọ̀pá tó kù.

Àwọn kan á ní: gáàsì wo? Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí ọjọ́ orí ọkọ̀ ló ń dáhùn rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí ọdún 1990 tó wọlé, R12 ni wọ́n dá a fún. Ní ọdún 1974 ni Mario Molina àti Sherwood Rowland kọ̀wé pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ń ba ozone jẹ́, ìyẹn ìpele tó ń dáàbò bò wá lókè ọ̀run lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Ní ọdún 1987 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Montreal láti fòpin sí i. Àwọn ilẹ̀ olówó dáwọ́ ṣíṣe é dúró ní ọdún 1996, àwọn ilẹ̀ tó ń gòkè àgbà, tó fi mọ́ tiwa, sì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2010. R134a ló rọ́pò rẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò pa ozone lára, ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n kílógíráàmù kan rẹ̀ bá bọ́ sínú afẹ́fẹ́, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yóò mú ayé gbóná ju ìwọ̀n kan náà ti afẹ́fẹ́ carbon dioxide lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,300. Nítorí náà, gáàsì tí wọ́n ń fi kún ọ̀pá tó ń jò kì í ṣe ọ̀ràn àpò olówó ọkọ̀ nìkan. Bákan náà, ọkọ̀ tí wọ́n dá fún R12 kò lè gba R134a bẹ́ẹ̀ lásán. Epo àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀ kì í pò mọ́ gáàsì tuntun, kò sì ní bá a padà sí kọ̀ǹpirẹ́sọ̀; wọ́n ní láti dà á nù, kí wọ́n fi irú tó bá a mu rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní láti pààrọ̀ àwọn òrùka rọ́bà tó wà níbi ìsopọ̀ àti agolo irin tó ń fa ọ̀rinrin, gáàsì tí wọ́n sì máa fi sí i gbọ́dọ̀ dín díẹ̀ sí ìwọ̀n ti àtijọ́, kó jẹ́ bíi mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù, tí ìwọ̀n ooru àyíká sì jẹ́ 30, géèjì tí wọ́n bá fi wọn R134a yóò tọ́ka sí nǹkan bíi 97 psi. Ti R12 yóò tọ́ka sí nǹkan bíi 93. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ojú lásán kò lè fi mọ gáàsì tó wà nínú ọ̀pá. Níwọ̀n ìgbà tí gáàsì olómi bá ṣì kù nínú ọ̀pá, bó ti wù kó kéré mọ, nọ́ńbà kan náà ni géèjì yóò máa sọ. Géèjì tó dúró sójú kan kò lè sọ pé gáàsì pọ̀ tó. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agolo gáàsì kó tó wọlé àti lẹ́yìn tó bá wọlé nìkan ló lè sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá wá mú R22, tí wọ́n dá fún ẹ̀rọ amúlétutù inú ilé, tó fi sínú ọkọ̀, agbára ìfúnpọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n ooru 30 kan náà ti sún mọ́ 160 psi kí ẹ́ńjìnì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn kò sì dá rọ́bà ọkọ̀ àtijọ́ fún irú gáàsì bẹ́ẹ̀. Ayédèrú gáàsì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2011, àwọn àpótí ẹrù onítútù kan tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó bú gbàmù, àwọn òṣìṣẹ́ sì kú, nítorí gáàsì ayédèrú tí wọ́n rọ sínú wọn bá irin alumíníọ̀mù inú ẹ̀rọ jà. Ẹni tó ń fi gáàsì kún ọkọ̀ láìmọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti láìmọ ohun tó wà nínú agolo ọwọ́ rẹ̀, ń fi ohun méjì tí kò mọ̀ pò mọ́ra wọn.

Ọ̀nà Ifangni fúnra rẹ̀ lè ran olówó ọkọ̀ lọ́wọ́ láti mọ ibi tí àìsàn wà kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kan. Ní Ouando, níbi tí ọjà àti oríta ti ń mú kí ọkọ̀ dúró bí ẹni ń tòlẹ́sẹẹsẹ nígbà tí wọ́n bá ń jáde ní Àjàṣẹ́, kí ó kíyè sí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn Avrankou, níbi tí ọ̀nà ti là, kí ó tún kíyè sí i. Bí afẹ́fẹ́ náà bá gbóná nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó sì tutù nígbà tó ń sáré, gáàsì kọ́ ló kọ́kọ́ yẹ kó fura sí. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ara kọ́ńdẹ́ńsà kọjá ló kéré, nítorí eré ọkọ̀ nìkan ló ń tì í wọlé. Fáànù ni kó wò. Peugeot 504 ní fáànù kan tí agbára òòfà iná mànàmáná ń so mọ́ ẹ́ńjìnì nígbà tí omi bá gbóná. Bí okùn iná rẹ̀ bá já tàbí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá jẹ tán, fáànù á máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tó yẹ kó máa fẹ́. Eruku pupa ilẹ̀ Ifangni àti kòkòrò tó há sáàárín ewé irin kọ́ńdẹ́ńsà náà ń ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí. Bó bá jẹ́ òdìkejì ló ṣẹlẹ̀, tó tutù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn, tí afẹ́fẹ́ wá ń kéré sí i lẹ́yìn wákàtí kan, tó sì padà lẹ́yìn tí wọ́n pa ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé yìnyín ti bo ẹfapórétọ̀. Bí kò bá tutù rárá, bóyá ọkọ̀ dúró bóyá ó ń sáré, ìgbà yẹn ló tó di ọ̀rọ̀ géèjì.

Géèjì náà ní èdè tirẹ̀ fún ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Méjì ni wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀, ọ̀kan níhà tó tutù, ìkejì níhà tó gbóná, ẹ́ńjìnì á sì máa ṣiṣẹ́. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, gáàsì ti dín, iṣẹ́ tó kàn sì ni wíwá ihò. Bí méjèèjì bá ga ju bó ti yẹ lọ, gáàsì ti pọ̀ jù, tàbí afẹ́fẹ́ ti wọ inú ọ̀pá, tàbí kọ́ńdẹ́ńsà kò rí afẹ́fẹ́ gbà; ẹni tó bá tún fi gáàsì kún un ní irú ipò yìí ń rọ epo síná. Bí ìhà tútù bá ga tí ìhà gbígbóná sì wálẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ kò lágbára mọ́. Bí ìhà tútù bá wálẹ̀ débi pé ó ń fà bí òfìfo, nǹkan ti dí ihò tóóró náà. Àpẹẹrẹ mẹ́rin rèé, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì kan gáàsì tó dín. Ẹ̀rí yìí ló mú kí n sọ pé àṣà fífi gáàsì kún ọkọ̀ kó tó di pé a yẹ̀ ẹ́ wò kì í ṣe ìtọ́jú; àfowófàbùkù ni.

Ọ̀rinrin Ifangni tún mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá. Nílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, ẹ̀rọ amúlétutù a máa lo èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ láti mú kí afẹ́fẹ́ tutù. Nílẹ̀ olómi bí ìhà gúúsù Bẹ̀nẹ̀, apá ńlá nínú agbára náà ló ń lọ sórí sísọ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ di omi. Omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan jẹ́ àmì pé iṣẹ́ ń lọ déédéé. Bí kò bá sí omi nísàlẹ̀, tí kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ sì rin gbingbin, ewé tàbí erùpẹ̀ ti dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde, okùn wáyà kékeré lè ṣí i. Ọ̀rinrin náà léwu bó bá wọ inú ọ̀pá gáàsì. Omi tó wọ ibẹ̀ lè di yìnyín lójú ihò tóóró, kó dí i. Ó tún lè dà pọ̀ mọ́ gáàsì àti epo, kó di ásíìdì tó ń jẹ irin láti inú. Nítorí náà, nígbàkúgbà tí wọ́n bá ṣí ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí wọ́n tó rọ gáàsì sí i. Bí ìfàjáde náà bá jinlẹ̀ tó, omi yóò hó ní ìwọ̀n ooru 30, yóò sì bá afẹ́fẹ́ jáde. Èyí ń gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pa ẹ̀rọ náà, wọ́n á máa wo géèjì bóyá yóò yẹ̀. Bó bá yẹ̀, ihò ṣì wà.

A wá dé ọ̀rọ̀ hítà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò kàn wá nílẹ̀ tí kò sí òtútù. Nínú ọkọ̀ tí omi ń mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù, rádíétọ̀ kékeré kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnì ń wọ inú rẹ̀, fáálù kan ló sì ń dá omi náà dúró nígbà tí awakọ̀ kò bá fẹ́ ooru. Fáálù tó ti lo ogójì ọdún lè há sí ipò ìṣísílẹ̀. Nínú àwọn Mercedes kan tí wọ́n ṣe nígbà náà, iná mànàmáná ló ń ti fáálù náà pa. Bí iná kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ya, ńṣe ni yóò ṣí sílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń fi agbára ìfàmọ́ra ẹ́ńjìnì ṣí ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ tó ń darí afẹ́fẹ́; bí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá lu, afẹ́fẹ́ tútù á lọ máa fẹ́ sójú gíláàsì iwájú dípò ojú awakọ̀. Ní irú ipò báyìí, ẹ̀rọ amúlétutù lè wà ní pípé, kí gáàsì rẹ̀ pé, kí ọkọ̀ sì máa gbóná bí ààrò, nítorí ooru àti òtútù ń pàdé nínú àpótí kan náà. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, tí wọ́n sì ti dá hítà dúró, kí wọ́n fọwọ́ kan àwọn rọ́bà méjì tó wọ inú ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ìṣọ́ra. Bí méjèèjì bá gbóná janjan, fáálù náà kò dí. Ẹni tó bá lọ ra gáàsì nítorí irú àìsàn yìí ti lo oògùn ibà fún ẹsẹ̀ tó rọ́.

Ti Porsche 911 tún yàtọ̀. Títí di ọdún 1998, afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù, kò ní omi rádíétọ̀ rárá. Hítà rẹ̀ ń gba ooru lára ọ̀pá èéfín: afẹ́fẹ́ mímọ́ ń kọjá lára ọ̀pá náà nínú àpótí irin, ó sì ń wọ inú ọkọ̀. Bí ìpẹtà bá lu ọ̀pá yẹn, èéfín carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀, lè bá afẹ́fẹ́ náà wọlé, kó sì pa ènìyàn. Bákan náà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì àti kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ rẹ̀ wà, iwájú sì ni ẹfapórétọ̀ rẹ̀ wà, nítorí náà rọ́bà gígùn ni gáàsì ń gbà láti ẹ̀yìn dé iwájú. Rọ́bà ìgbà R12 kò ní awọ inú tó ń dá gáàsì dúró gẹ́gẹ́ bíi ti òde òní, R134a sì ń yọ́ gba ara rẹ̀ jáde. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí olówó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ náwó sórí rọ́bà tuntun kó tó náwó sórí ohunkóhun mìíràn.

Ohun tí àwọn awakọ̀ kan yóò fi dá mi lóhùn ni pé kí wọ́n kúkú gé hítà kúrò, kí wọ́n so rọ́bà méjèèjì pọ̀. Mo gbà pé ó lè gba ènìyàn là lójú ọ̀nà nígbà tí rádíétọ̀ kékeré náà bá bẹ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó di àṣà. Nígbà òjò, gíláàsì iwájú a máa ṣú, awakọ̀ kò sì ní rí ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù ti fa ọ̀rinrin inú rẹ̀, tí hítà sì mú lọ́wọ́ọ́wọ́, ló ń tètè mú kí gíláàsì náà mọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá tún ń gbóná jù nínú ìlà gígùn ní Ìgòlò, ṣíṣí hítà sílẹ̀ pátápátá ń gba díẹ̀ nínú ooru rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí awakọ̀ yóò fi rí àyè dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń yọ tẹmosítáàtì dànù nítorí ẹ́ńjìnì ń gbóná. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, tẹmosítáàtì yẹn ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi lè gbà padà sínú ẹ́ńjìnì láìdé rádíétọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, apá kan omi náà kò ní dé ibi tí yóò ti tutù mọ́, ooru tí wọ́n ń sá fún yóò sì pọ̀ sí i. Àṣà méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú gáàsì fífi kún: wọ́n ń mú àmì àìsàn kúrò, wọ́n sì ń fi àìsàn sílẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti owó. Wọ́n á ní agolo gáàsì kan kò wọ́n, àti pé ẹni tí kò lówó kò lè ra kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ tuntun. Mi ò fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbésí ayé lẹ́bàá ẹnubodè kò rọrùn, pàápàá láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní Nàìjíríà ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n owó gan-an ló gbè mí lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ihò tó ń jò kì í ju òrùka rọ́bà kan lọ, tàbí fáálù kékeré tí wọ́n ń gba ojú rẹ̀ rọ gáàsì, àwọn ohun tí owó wọn kò tó ti agolo gáàsì kan. Wíwá a kò gba ohun èlò ńlá. Ibi tí epo ti yọ sójú ọ̀pá, tí eruku pupa sì lẹ̀ mọ́ ọn, ti tọ́ka sí ara rẹ̀. Bí kò bá hàn, kí wọ́n rọ náítírójìn, tí kò lè gbiná, sínú ọ̀pá, kí wọ́n sì fi omi ọṣẹ ra gbogbo ibi ìsopọ̀. Ibi tí ìfófòó bá ti ń yọ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń ra gáàsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún kan ti san owó àtúnṣe, kò sì ní àtúnṣe náà lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn á ní kò sí ọkọ̀ tí kì í dín gáàsì bó bá pẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi ti le jù. Òótọ́ ni pé rọ́bà àti ibi ìsopọ̀ ń jẹ́ kí díẹ̀ yọ́ jáde. Àkókò ló ń la ọ̀ràn yìí: bó bá gba ọ̀pọ̀ ọdún kí òtútù tó dín, ọjọ́ orí ni, bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, ihò ni. Àwọn kan tún gbà pé kò sí bí ọkọ̀ àtijọ́ ṣe lè tutù nílẹ̀ wa láé. Àwọn náà ní apá kan òtítọ́, nítorí gíláàsì ọkọ̀ asáré tóbi, orí rẹ̀ kéré, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì sún mọ́ èrò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbóná ni ìrònú ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ ti dàgbà. Packard ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ tà á nínú ọkọ̀ rẹ̀ fún ọdún 1940, àwọn tó ń gbé ní Texas àti Arizona sì ń lo ọkọ̀ àtijọ́ wọn nínú ooru tó ju tiwa lọ. Kọ́ńdẹ́ńsà òde òní tí ọ̀pá inú rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ, fáànù iná mànàmáná níwájú rẹ̀, àti aṣọ adènà-ooru lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti lára ògiri ẹ́ńjìnì, ń ṣe iṣẹ́ tí gáàsì àfikún kò lè ṣe láé.

Ìgòlò ni Bẹ̀nẹ̀ parí sí, Ìdí-Ìrókò sì wà níwájú. Ìlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní ọdún 1889 ló pín àwọn ènìyàn ibí sí méjì, síbẹ̀ àìsàn tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: ọkọ̀ kan náà, eruku kan náà, ọ̀rinrin kan náà àti àṣà gáàsì kan náà ló wà lápá méjèèjì. Àwọn mẹkáníìkì wa ní ọwọ́ tó já fáfá. Ẹni tó lè mú 504 tó ti lé ní ogójì ọdún rìn lójoojúmọ́ kì í ṣe aláìmọ̀ṣẹ́. Ohun tí wọ́n nílò ni géèjì tó dára, òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ ìfafẹ́fẹ́jáde, àti oníbàárà tó gbà láti sanwó fún àyẹ̀wò. Oníbàárà yẹn ni ibi tí àtúnṣe lè ti bẹ̀rẹ̀ lónìí, láìdúró de ìjọba méjèèjì. Kó bi oníṣẹ́ ní ìbéèrè mẹ́ta kó tó gbà kí wọ́n ṣí agolo: gáàsì wo ló wà nínú ọkọ̀ mi, níbo ló ti ń jò, àti pé ìwọ̀n wo lẹ fẹ́ rọ sí i? Oníṣẹ́ tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ lẹ́ni tí à ń sanwó fún ju iye tó bèèrè lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sì ní ìdáhùn, kí agolo náà wà ní dídé, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wá ìdáhùn rẹ̀.